Ìwé Kékeré Tí Mo Fi Ń Sọ Ẹni Tó Máa Farapa

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ara mi ni. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, àwọn kan sì ti fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ lójú ọ̀nà ilé ìjẹun. Mo wá rò ó pé ó yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo sá.

Ẹ rántí Inter-house tá a ṣe ní sáà tó kọjá. Ẹ ó rántí pé mò ń gbé ìwé kékeré kan kiri lórí pápá nígbà tá a ń gbára dì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìròyìn fún Ẹgbẹ́ Akọ̀ròyìn ni mò ń kọ síbẹ̀. Rárá o. Orúkọ àwọn tó máa ṣojú ilé wa ló wà níbẹ̀, àwọn 24. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo fi àmì kan sí i. Ẹni tí mo bá rò pé kò ní farapa, máa fi àmì dáadáa sí i. Ẹni tí mo bá rò pé ó máa farapa, máa fi X sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ara mi di babaláwo orí pápá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dá a sí mi nínú. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Òun ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńláńlá nílùú òyìnbó ṣe ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí ẹ̀yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, nínú ẹ̀wù pélébé kan tó dà bíi síńgílẹ́ẹ̀tì. GPS ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Ó ń ka bí ẹnì kan ṣe rìn jìnnà tó, bó ṣe yára tó, àti iye ìgbà tó sáré tó sì dúró lójijì. Wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi wo ẹni tó ti ń ṣe àṣejù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Wọ́n ti máa ń mọ ẹni tó máa farapa kó tó farapa.” Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe gba ìwé ìṣirò gbọ́.

Èmi ò ní GPS. Bírò, rúlà àti ìláyà ni mo ní. Mo bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè: Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Ṣé o ti farapa rí? Wákàtí mélòó lo fi ń sùn? Ṣé ibì kankan ń dùn ẹ́? Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró kí wọ́n sì di ojú, mo ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi dúró. Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láì ká orúnkún, mo ń fi rúlà wọn bí ìka wọn ṣe súnmọ́ ilẹ̀ tó. Mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo ṣe é ní máàkì 20. Ẹni tí kò bá tó 10, X.

Àwọn mẹ́fà ló gba X. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì wa, òun ló máa ń gba ọ̀pá ìkẹyìn nínú rílè 4×100. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gbogbo yín mọ̀ ọ́n. Nígbà tá a wà ní JSS3, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, ọrùn ẹsẹ̀ òsì, ó sì tiro wá sílé ìwé fún bí oṣù kan. Nínú ìwé mi, ìyẹn nìkan ti gba máàkì mẹ́fà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá tún wá di ká fi ẹsẹ̀ kan dúró ká di ojú, kò lè ṣe é pẹ́.

Olùkọ́ eré ìdárayá wa rí ìwé náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo gbìyànjú. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán dáadáa. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, orúkọ ọmọbìnrin náà ti kúrò nínú rílè. Olùkọ́ wa ní àwọn ò fẹ́ kó tún fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe ara ẹ̀ léṣe. Mo mọ̀ pé inú ire ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí wọ́n rí nínú ìwé mi ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ọmọ yẹn ti ń sáré láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó di ọjọ́ náà. Lẹ́yìn tí kíláàsì parí, ó wá bá mi nídìí àga mi. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, àmọ́ kò pariwo rárá. Ó kàn ní, “Ṣé ìwọ lo ni ẹsẹ̀ mi ni?” Ó sì bá tiẹ̀ lọ. Mi ò rí èsì fọ̀ títí di alẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹnì kejì. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, tá a jọ ń jókòó lórí àga kan, òun ló gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìwé náà: 19 nínú 20. Kò farapa rí. Ó ń sùn dáadáa. Ibì kankan ò dùn ún, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Tó bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló máa kan ilẹ̀ bíi pé kò ní eegun lára. Mo fi àmì dáadáa méjì sí tiẹ̀.

Ọjọ́ Inter-house pé. Wọ́n ti fi ẹfun fa ìlà sórí pápá, wọ́n ti ta kánópì fún àwọn òbí, oòrùn sì ń ta bíi pé ó ń bínú sí ẹnì kan. Nígbà tó di eré ìje mítà 200 ti àwọn ọkùnrin àgbà, ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ yọ ní kọ́nà. Gbogbo ilé wa ti dìde, a ti ń kọrin. Lójijì, ó fò sókè bí ẹni tí wọ́n sọ òkúta lù látẹ̀yìn. Ó di ẹ̀yìn itan ọ̀tún mú, ó ta ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì lọ sílẹ̀. Àwọn yòókù sáré kọjá lára ẹ̀. Orin wá dákẹ́ lẹ́nu wa.

Àwọn ọmọ Red Cross gbé e lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi pure water tó ti dì gbagidi lé e lẹ́yìn itan. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Dípò kí n ní “Pẹ̀lẹ́,” ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni, “Báwo ló ṣe jẹ́? Ìwọ tó o gba 19!” Ojú ṣì ń tì mí tí mo bá rántí.

Ó wò mí. Ó ní, “Ó ti ń fà mí níbẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì.”

Mo ní, “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

Ó ní, “Ṣé kó o lè fi X sí mi ni?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rò pé ìwé mi ń sọ òótọ́ nípa àwọn èèyàn. Mi ò mọ̀ pé ìwé mi gan-an ló ń kọ́ àwọn èèyàn láti purọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin inú rílè. Ẹni tó bá mọ̀ pé òótọ́ ló máa jẹ́ kí wọ́n yọ òun, irọ́ ló máa pa. Tó bá jẹ́ èmi náà ni, irọ́ ni mi ò bá pa.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣí ìwé náà, mo sì ṣe ìṣirò bó ṣe yẹ kí akọ̀ròyìn ṣe é. Àwọn mẹ́rin ló farapa nínú 24. Nínú àwọn mẹ́fà tí mo fi X sí, ẹyọ kan ló farapa, orúnkún ni mo sì rò pé ó máa fi ṣèṣe. Ìgbúnwọ́ ló fi bó, níbi tó ti ṣubú nínú eré àpò. Nínú àwọn 18 tí mo ní kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n, àwọn mẹ́ta ló farapa. Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọ̀kan. Ẹnì kejì ki ẹsẹ̀ bọ ihò kan létí pápá. Ẹnì kẹta ni wọ́n fi èjìká gbá níbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá rílè. Ẹ sọ fún mi, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan wo ló lè sọ fún mi pé ihò wà létí pápá?

Ọmọbìnrin tí wọ́n yọ ńkọ́? A ò ní mọ̀ láé. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Bó bá sáré, bóyá ẹsẹ̀ yẹn ì bá rọ́, bóyá a ò bá gba ife. A ṣe ipò kẹta. Kò sẹ́ni tó lè fi hàn pé X mi jẹ́ òótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi hàn pé irọ́ ni. Ìsọtẹ́lẹ̀ tó ti dá ẹni tó sọ nípa ẹ̀ dúró, kò sí bá a ṣe lè dán an wò mọ́.

Nígbà tá a padà sí kíláàsì, mo kó ìwé náà lọ bá olùkọ́ Báyọ́lọ́jì wa. Mo rò pé wọ́n máa bá mi wí. Wọ́n kàn ní, “Jókòó. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò.” Ìṣirò tá a ṣe nìyí, ẹ bá mi ṣe é.

Ká sọ pé eléré ìdárayá 100 ló wà níwájú wa. Ká sọ pé 10 lára wọn ló máa farapa ní sáà yìí, 90 ò ní farapa. Ká wá sọ pé mo ní ìdánwò kan tó dáa gan-an, tó ń gba 8 nínú 10 lọ́nà méjèèjì. Nínú àwọn 10 tó máa farapa, á mú 8, á sì jẹ́ kí 2 bọ́ lọ. Nínú àwọn 90 tí kò ní farapa, á fi X sí 18 láìṣẹ̀ láìrò. Àròpọ̀ X jẹ́ 26. Nínú 26 yẹn, 8 péré ló jẹ́ òótọ́. Àwọn 18 yòókù, a kàn yọ wọ́n lórí pápá lásán ni. Ìdánwò tó dáa nìyẹn o! Ti èmi tó jẹ́ rúlà àti ojú dídì ńkọ́?

Olùkọ́ wa ní dókítà ará Norway kan wà tó ń jẹ́ Roald Bahr, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2016, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà eré ìdárayá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé àwọn ìdánwò tí wọ́n fi ń wá ẹni tó máa farapa kò ṣiṣẹ́, ó sì jọ pé wọn ò ní ṣiṣẹ́ láé. Kì í ṣe pé àwọn ìdánwò náà ò rí nǹkan kan. Wọ́n lè fi hàn pé àwọn tí iṣan wọn kò lágbára ń farapa díẹ̀ ju àwọn tó lágbára lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá wá kó àwọn tó farapa àti àwọn tí kò farapa síbì kan, máàkì wọn ti dà pọ̀ mọ́ra bí iyọ̀ àti ṣúgà nínú abọ́ kan. O mọ̀ pé méjèèjì wà níbẹ̀, àmọ́ ojú lásán ò lè ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ náà ò tíì bọ́ nínú ẹ̀. Láti 2001 ni wọ́n ti ń bá UEFA ṣe ìwádìí kan lórí ìfarapa nínú àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù 25 lè retí nǹkan bí ìfarapa 50 láàárín sáà kan. Ti iṣan ẹ̀yìn itan, irú èyí tó mú ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ ìpín 12 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ìfarapa níbẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé sáà 2021/22, ó ti di ìpín 24. Dókítà wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, owó wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìpín yẹn di ìlọ́po méjì.

Mo sọ̀rọ̀ yìí nílé, bàbá mi wá dá mi dúró. Wọ́n ní, “Àwọn dókítà kò lè mọ nǹkan kan ni? Kanu ńkọ́?” Òótọ́ ni. Lẹ́yìn tí Nwankwo Kanu àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba góòlù ní Olympics Atlanta ní 1996, ó lọ sí Inter Milan. Níbi àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n ti rí i pé ohun kan ń ṣe ọkàn rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ó padà sórí pápá, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal láti 1999, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn ọmọ tí ọkàn ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́. Bàbá mi wá sọ ti Samuel Okwaraji. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, ó ṣubú lulẹ̀ nígbà tí Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Angola, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo ronú lé ọ̀rọ̀ yẹn lórí fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó yé mi. Ohun méjì tó yàtọ̀ ni. Ohun tí wọ́n rí lára Kanu, ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń sọ ọ̀la, òní ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n iṣan tó máa já lọ́jọ́ Sátidé, kò tíì já lọ́jọ́ Ajé. Kò sí ohun tí dókítà máa fi ojú rí. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi yìí sá fún àyẹ̀wò o. Tí ẹ bá ń dákú, tí àyà bá ń dùn yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré, ẹ sọ fún àgbà, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyẹn kì í ṣe ìsọtẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wo Victor Boniface tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́. Nígbà tó wà ní Bodø/Glimt ní Norway, iṣan ńlá inú orúnkún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìwé mi, X ńlá ni ì bá gbà, tí mi ò bá tiẹ̀ fi bírò pupa kọ ọ́. Òun ló padà wà nínú ẹgbẹ́ Bayer Leverkusen tó gba ife ẹ̀yẹ líìgì Jámánì ní 2024, tí ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n nínú líìgì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ní oṣù kìíní ọdún kan náà, ìfarapa ò jẹ́ kó lọ sí ìdíje Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá sì dúró ti orúnkún rẹ̀ ti ṣọ́ ibi tí kò yẹ, torí iṣan itan ló ṣe é nígbà yẹn. Victor Osimhen náà ńkọ́? Ní oṣù kọkànlá 2021, orí rẹ̀ kọlu orí ẹlòmíì nígbà tí Napoli ń bá Inter gbá bọ́ọ̀lù, egungun ojú rẹ̀ sì fọ́. Ibẹ̀ ni ìbòjú tẹ́ ẹ máa ń rí lójú ẹ̀ ti wá. Orí ẹlòmíì kì í sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà wa ní, bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àmọ́ ìdí Inter-house ni mo ti wá mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Babaláwo gan-an kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó ní ó parí fún ọdún náà. Èmi, ọjọ́ kan ni mo fi rúlà wọn gbogbo èèyàn, mo sì ti pa ìwé náà dé. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ẹ̀yìn itan ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ẹlòmíì lè ní ibà láàárín. Ẹlòmíì lè máa fi òru kàwé nítorí ìdánwò. Òjò lè rọ̀ kí pápá máa yọ̀. Bàtà tuntun lè máa há ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Ewu kì í dúró sójú kan kí ẹ lè ya fọ́tò rẹ̀.

Ṣé ká wá ká ọwọ́ gbera, ká ní ohun tí Ọlọ́run bá ṣe la máa gbà? Rárá. Ohun tí mo kọ́ nìyí, òun gan-an ló sì jẹ́ kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí. A ò lè mọ ẹni tó máa farapa. Àmọ́ a lè mú kí ìfarapa dín kù láàárín gbogbo wa láì mọ ẹni tí ì bá kàn. Ẹni tó bá da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù, kò pọn dandan kó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa balẹ̀ sí gẹ́lẹ́.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń mú ara gbóná kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, FIFA 11+ ni wọ́n ń pè é. Kò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó ní sísáré jẹ́jẹ́, ó ní fífò àti bíbalẹ̀ láì jẹ́ kí orúnkún wọ inú, ó ní ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ kan pẹ̀lú. Ní Norway, wọ́n dán an wò láàárín àwọn ọmọbìnrin tó tó 1,800 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ ọdún 13 sí 17, ẹgbẹ́ wa gan-an. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Láàárín àwọn tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣe é, ewu ìfarapa lápapọ̀ dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, èyí tó le gan-an sì dín kù ní nǹkan bí ìdajì. Wọn ò yọ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì fi X sí ẹnikẹ́ni.

Ti ẹ̀yìn itan náà ní tiẹ̀. Wàá kúnlẹ̀, ẹnì kejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú mọ́lẹ̀, wàá wá máa rọra dojú bolẹ̀ síwájú láì tẹ ìbàdí, títí agbára rẹ á fi tán, wàá fi ọwọ́ gba ara rẹ. Àwọn tó kó ìwádìí púpọ̀ jọ rí i pé àwọn ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe é, ìfarapa ẹ̀yìn itan wọn ń dín kù tó nǹkan bí ìdajì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, n kò lè jókòó dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ o.

Ti pé ẹni tó ti farapa rí lè tún farapa, òótọ́ ni. Lára àwọn àmì tó lágbára jù lọ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ká fi ṣe kì í ṣe ká yọ ẹni náà kúrò. Ohun tó yẹ ni ká bi í bóyá ó parí ìtọ́jú rẹ̀, ká fún ẹsẹ̀ yẹn lókun kó tó dọjọ́ eré, ká má sì kánjú ẹ̀. Ó yẹ kí X inú ìwé mi mú ká ràn án lọ́wọ́ ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di ìdájọ́.

Mo lọ bá ọmọbìnrin náà. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè lọ. Mo ní, “Ẹsẹ̀ rẹ kì í ṣe tèmi. Má bínú.” Ó wò mí títí, ó ní, “Ife ló ń dùn mí, kì í ṣe ìwọ.” Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àti ìwọ náà díẹ̀.” Mo gbà. Ó tọ́ sí mi.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń rìn dáadáa báyìí. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó tó tún sáré. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ fà á, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ tààrà.

Ìwé kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ya ojú ewé tí X wà níbẹ̀ kúrò. Mo fi han olùkọ́ eré ìdárayá wa, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbìyànjú nǹkan mìíràn ní sáà yìí, wọ́n sì gbà. Láràárọ̀ tá a bá fẹ́ gbára dì, gbogbo wa la jọ máa mú ara gbóná fún 20 ìṣẹ́jú, àti àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń ju irin. A máa yẹ pápá wò kí ẹsẹ̀ kankan tó tẹ̀ ẹ́, ihò ọjọ́sí yẹn ni a ó kọ́kọ́ dí. Lẹ́yìn náà, máa bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè méjì péré: Ṣé o sùn dáadáa? Ibo ló ń dùn ẹ́? Ẹni tó bá ní ibì kan ń dùn òun, kò ní pàdánù ipò ẹ̀. Á sinmi títí ara á fi yá, ipò ẹ̀ á sì máa dúró dè é. Olùkọ́ wa ti fi ẹnu ara wọn ṣèlérí ìyẹn níwájú gbogbo ilé wa.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a bẹ̀rẹ̀, àwọn méje ló sọ pé ibì kan ń dùn àwọn. Méje! Ní sáà tó kọjá, tí mo béèrè ìbéèrè kan náà pẹ̀lú X lọ́wọ́, gbogbo àwọn 24 ló ní kò sí ibì kankan. Ẹsẹ̀ wa ò tíì burú sí i láti ìgbà yẹn. A kàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ ni.